Ẹja Ẹ̀pẹ́ Tí Mo Fi Ń Dáàbò Bo Oyún

Kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹja, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí. Ẹ bi ọkọ mi. Wọ́n á gbé oúnjẹ fún mi, màá jẹ ẹ́, màá dúpẹ́, màá sì fọ abọ́. Ìwé ló kó bá mi. Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lọ́wọ́ àwọn olówó bọ́ sọ́wọ́ àwa yòókù ni mo padà sí yunifásítì láti lọ gba oyè kejì, èmi tí mo ti lọ́kọ, tí mo ń gbé rúùmù àti pálọ̀ ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, tí gbogbo àwọn èèyàn mi ní Ọ̀ṣun sì ti rò pé ìwé ti tán lára mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò ṣòro láti ṣàlàyé. Àwọn irin kan wà tí májèlé wọn kì í pani lẹ́ẹ̀kan náà: òjé, mẹ́kúrì, kádíọ́mù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bátìrì tí a sọ nù, ọ̀dà tó ṣẹ́ kù, irin tó dípẹtà, gbogbo ohun tí Èkó bá ti lò sú, òjò á gbá a lọ sínú ọ̀sà, ẹja á sì mu ún. Tó bá ti pọ̀ lára ẹja, á wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn yàrá bíńtín tí ara gbogbo ohun abẹ̀mí fi kọ́. Àárín yàrá yẹn ni kókó kan wà, inú kókó yẹn ni gbogbo ohun tí ọmọ fi ń jọ bàbá àti ìyá wà. Ibẹ̀ gan-an ni irin náà máa ń lọ bà jẹ́. Tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí a kùn ún ní aró, tí a sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù, a ó rí i pé kókó tó yẹ kó wà lódidi ti já, ègé kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èérún búrẹ́dì. Èérún yẹn ni mò ń kà. Tí mo bá délé, tí mo di ojú, èérún náà ni mo ṣì ń rí.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ mi kò fi bẹ́ẹ̀ ka èérún sí. Nano ló ń wá. Ó ti lọ sí ìpàdé kan lókè òkun, ó sì gbọ́ níbẹ̀ pé àwọn irin kan wà tí wọ́n lọ̀ kúnná débi pé ojú lásán kò lè rí wọn láéláé, pé orúkọ wọn ni nano, pé àwọn ló ń ṣẹ̀rù ba ayé báyìí, àti pé ẹni tí kò bá ti ní nano nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ó ní kí n fi nano sínú àkọlé iṣẹ́ mi. Mo rán an létí pé a kò ní ẹ̀rọ tó lè rí nano. Máíkírósíkóòpù tí a ní gan-an, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń gbé e lọ tí iná bá ti lọ, kí oòrùn lè bá mi ràn án lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wò mí bí ẹni tí kò lè ríran rí ọjọ́ iwájú rẹ̀. Ó ní àkọlé kò nílò iná.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Màá kó ẹja èpìyà láti Ìjẹ̀dẹ́, níbi tí ẹ̀gbin ọ̀sà ń dé. Màá tún kó ẹja èpìyà mìíràn láti ibi tí omi ti mọ́, kí n lè fi wé ti Ìjẹ̀dẹ́. Tí èérún bá pọ̀ nínú ti Ìjẹ̀dẹ́, tí kò sí nínú ti omi tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, mo ti gba oyè. Mo bi Ọ̀jọ̀gbọ́n ibi tí omi ti mọ́. Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní ṣé ẹnì kan ti yẹ omi náà wò ni. Ó ní gbogbo Èkó ló mọ̀, pé òun fúnra òun ni òun máa ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ ní ìparí oṣù láti lọ ra ẹja, pé ìyàwó òun kì í fọwọ́ kan ẹja ibòmíràn. Bí Ẹ̀pẹ́ ṣe di omi tó mọ́ nínú ìwádìí ìjìnlẹ̀ mi nìyẹn o, látinú ìkòkò ọbẹ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀ẹ́ ní kí ló kàn mí, ṣebí kí n ṣe iṣẹ́ mi kí n sì gba ìwé mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Mo lóyún nígbà yẹn, oyún kẹta sì ni. Èkíní bọ́ lóṣù kẹta. Èkejì bọ́ lóṣù karùn-ún, nígbà tí mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sí dókítà tó lè sọ ohun tó fà á fún mi. Wọ́n kàn ń ní kí n máa sinmi. Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀jẹ̀ ẹja Ìjẹ̀dẹ́, tí mo rí kókó tó ti já kiri bí nǹkan tí eku jẹ, ẹ̀rù bà mí dé eegun. Mo rántí gbogbo ẹja tí mo ti jẹ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Ta ló ń gbé wọn wá? Ìyá ọkọ mi.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́ pọ́ńbélé ni ìyá ọkọ mi. Ẹja ló ń tà, ẹja ló fi rán ọkọ mi níwèé. Á ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja bí wọ́n bá ṣe ń gúnlẹ̀, á tà lára rẹ̀ ní tútù, á sì yan èyí tó kù. Gbogbo Sátidé ló máa ń gbé ọ̀bọ̀kún yíyan wá fún wa ní Lásùnwọ̀n, wọ́n á ti ká a, wọ́n á ti fi igi ìgbálẹ̀ gún un ní ìrù mọ́ ẹnu, yóò sì wà nínú ìwé ìròyìn tí òróró rẹ̀ ti mu. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á bi mí bóyá mo sùn dáadáa, á wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó wú, á mu omi, á sì máa lọ.

Sátidé tí mo pinnu láti là á lọ́yẹ̀, mo fi í jókòó sórí àga tó dáa jù nínú pálọ̀. Mo ya sẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Mo ya kókó, mo ya èérún. Mo sọ ti òjé, mo sọ ti mẹ́kúrì, mo tilẹ̀ sọ ti nano, èmi tí n kò rí i rí. Mo ní ẹja Ìjẹ̀dẹ́ lè máa ba ọmọ inú jẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni bá gbọ́ mi lọ́jọ́ náà á rò pé èmi ni mo dá ọ̀sà. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní ibo wá ni ẹja ti dáa. Mo ní Ẹ̀pẹ́. Ó mi orí, ó ní ó dáa, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún gbé ẹja dé.

Ó na ìdì náà sí mi, ó ní, eléyìí, ìyàwó mi, eléyìí kì í ṣe. N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀, mo ti gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ti ní ẹ ṣé Màámi, mo ti gbọ́, ẹ ṣé. Nínú ọkàn mi, mo ń sọ pé àgbà alágídí nìyí. Kò tíì dé ojú títì tí mo ti gbé ìdì náà lọ fún aládùúgbò mi, obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, tó sì ní ọmọ mẹ́rin. Ẹ má bi mí bóyá mo ya sẹ́ẹ̀lì sẹ́yìn kàlẹ́ńdà fún òun náà. N kò yà á. Mo wò ó pé kò ṣáà lóyún. Ó gbà á, ó fi Ọlọ́run súre fún mi, mo ṣe àmín, mo sì padà sílé ẹni tó mọ̀wé. Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn ní gbogbo Sátidé. Nígbà tó yá, kò dúró kí n gbé e wá mọ́, á ti gbé abọ́ rẹ̀ síta.

Èmi ní tèmi, Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mò ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú, tòun ti oyún tòun ti ike, lọ sọ́jà ẹja. Oníbàárà kan ṣoṣo ni mo ní níbẹ̀, obìnrin sísanra kan tí ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì omi. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ń ra èpìyà alààyè tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ náà ni mo ti ń ra ọ̀bọ̀kún tí mò ń sè jẹ. Tí mo bá bi í bóyá ẹja Ẹ̀pẹ́ ni lóòótọ́, á fọwọ́ lu àyà, á ní ṣé mo rí ibòmíràn tí òun dúró sí ni? Mo gba ẹ̀rí yẹn. Mo ti kàwé débi pé mo gba ẹ̀rí yẹn.

Ọkọ mi, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó kí àkùkọ tó kọ, tó sì ń padà wálé nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́, bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni ìyàtọ̀ gan-an nínú adùn. Mo ní ìyàtọ̀ ńlá ni. Mo ní ti Ẹ̀pẹ́ fúyẹ́ lẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo bínú sí i fún ọjọ́ méjì.

Ìgbà tí oyún náà wọ oṣù kẹfà, mo ka gbogbo èérún tán. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹja Ẹ̀pẹ́ mi bàjẹ́ tó ẹja Ìjẹ̀dẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Nínú ike kan tí mo kọ Ẹ̀pẹ́ sí lára, èérún tilẹ̀ pọ̀ ju ti Ìjẹ̀dẹ́ lọ. Mo gbé ọwọ́ lé ikùn mi, nítorí ohun tí mo ti ń jẹ láti oṣù mẹ́ta ni mò ń wò yẹn.

Mo gbé e lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fara ya. Ó ní mo ti da ike pọ̀. Ó ní ẹja Ẹ̀pẹ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bóyá omi Ẹ̀pẹ́ náà ti bàjẹ́. Mo rí i tó ń ronú kan ìkòkò ilé rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí. Ó wá ní kí n padà lọ kó ẹja mìíràn, pé kí n máa wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ títí màá fi rí ohun tó yẹ kí n rí. Bí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe ń lọ síwájú lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo pinnu pé n kò ní dúró lẹ́nu ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Etí omi gan-an ni màá dúró sí, kí n fi ojú ara mi rí ẹja bó ṣe ń jáde. Mo wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dé ẹ̀yìn ọjà Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lójú omi, mo jókòó sórí ike mi. Àwọn ọkọ̀ ojú omi bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Oníbàárà mi náà sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú báàfù mẹ́ta, kò rí mi. Ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kan yọ láti apá ìwọ̀ oòrùn, láti ọ̀nà Ìkòròdú, àwọn obìnrin kún inú rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti báàfù ẹja. Oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ sí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀, tó ká ìró rẹ̀ sókè kí omi má bàa tọ́ ọ, ìyá ọkọ mi ni.

Mo rò pé oyún ló ń da ojú mi rú. Mo nu ojú, òun náà ni. Ó gbé báàfù rẹ̀ sílẹ̀, oníbàárà mi gbé tirẹ̀ ti í, wọ́n da èpìyà láti inú èyí sínú ìyẹn, wọ́n da ọ̀bọ̀kún lé e. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láti inú báàfù kan sí èkejì, ẹja Ìjẹ̀dẹ́ ti di ọmọ Ẹ̀pẹ́. Èmi á wá rà á, màá gbé e wọ ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, ẹja tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ kò jìnnà púpọ̀ sí ibi tí mo ń gbé. Ẹja náà mọ ojú ọ̀nà yẹn jù mí lọ.

Mo dìde. Ojú mi ti ṣú. Oníbàárà mi ló kọ́kọ́ rí mi, kò sì tijú rárá. Ó ní àwọn tó ní mọ́tò kì í lọ ra ẹja ní Ìjẹ̀dẹ́, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ń wá, kí ẹja sì máa lọ síbi tí olùrà wà kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní ẹja tó bá ti wà ní Ẹ̀pẹ́, ẹja Ẹ̀pẹ́ ni. Tí mo bá rò ó dáadáa, àlàyé Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dáa ju tirẹ̀ lọ.

Ìyá ọkọ mi kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ṣe. Ikùn mi ló ń wò. Ó bi mí pé ṣé kò sí wàhálà, ṣé ara ni, kí ni mo wá ń ṣe létí omi láàárọ̀ kùtù. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níbí, mo pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi níṣojú èrò. Mo ní ṣé látọjọ́ yìí, ẹja Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń gbé wá síbí, ṣé wọ́n mọ̀ pé òun ni mo ti ń rà, òun ni mo ti ń jẹ?

Ó gbé agbọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “O ń ra ẹja? Èyí tí mò ń gbé wá fún ọ ńkọ́?”

Mo ní èyí wo. Ó wá sọ ohun tó ti fẹ́ sọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, tí n kò jẹ́ kó parí. Láti ọjọ́ tí mo ti ya àwòrán sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, tí mo ní ti Ẹ̀pẹ́ ló dáa, kò gbé ẹja Ìjẹ̀dẹ́ wá fún mi mọ́. Òun mọ̀ pé ẹja tó wà lọ́jà Ẹ̀pẹ́ kọ́ ni ẹja Ẹ̀pẹ́, ṣebí òun wà lára àwọn tó ń gbé e wá. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tó bá tà tán, á wọ ọkọ̀ atukọ̀ mìíràn, á kọjá Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìlà oòrùn, sí àbúlé kan tí ìyekan rẹ̀ kan ti ń pẹja, níbi tí kò sí ilé iṣẹ́, kò sí títì, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe omi. Ibẹ̀ ló ti ń ra ọ̀bọ̀kún tèmi. Ààrò ọ̀tọ̀ ló fi ń yan án, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ tọjà.

Ó ní, “Ìwọ lo sọ pé tiwa ń ba ọmọ inú jẹ́. Mo gbà ọ́ gbọ́.”

Ọkọ mi kò gbà mí gbọ́, ó kàn ń jẹun. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò gba èérún tí mo kà gbọ́. Èmi fúnra mi, ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò àti ìkòkò olówó ni mo gbà gbọ́. Nínú gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo tó gba ìmọ̀ mi gbọ́ débi tó fi yí ọ̀nà rẹ̀ padà, ẹni tí mo rò pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi gbóná.

Mo bi í pé òun náà ńkọ́, kí lòun ń jẹ. Ó ní, “Ti Ìjẹ̀dẹ́ ni. Èmi ò ṣáà lóyún.”

Mo rántí aládùúgbò mi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nípa rẹ̀ lọ́kàn mi. Ìyá náà wá wo ojú mi, ó bi mí bóyá mò ń jẹ ẹja òun tán, bóyá iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ jù. Mo ní mò ń jẹ ẹ́ tán, Mà. Mo ní iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé. Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.

Ó mú mi lọ sí àbúlé náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òun ló dì mí mú wọ ọkọ̀, òun ló gbé ike mi. Èpìyà ibẹ̀ ni mo fi tún iṣẹ́ náà ṣe, kókó inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wà lódidi, gíláàsì lé gíláàsì. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ẹja Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ó tún bi mí ní kẹ́lẹ́ pé ibo gan-an ni ọ̀nà àbúlé náà. Mo gba oyè. Nano ṣì wà nínú àkọlé rẹ̀ títí di òní, kò sì sí nínú ìwé náà níbòmíràn.

Ṣùgbọ́n Sátidé ọjọ́ kejì tí a ti àbúlé dé ni mo fẹ́ sọ. Ìyá ọkọ mi gbé ìdì rẹ̀ dé bó ṣe máa ń gbé e. Mo gbà á, mo tú u níwájú rẹ̀, mo bu sínú àwo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láìsí ọbẹ̀, kó lè rí mi. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìgbà náà ni aládùúgbò mi kan ilẹ̀kùn, tó wọlé tòun ti abọ́ rẹ̀. Ó rí àlejò, ó yára kúnlẹ̀. Ó ní, “Áà, ẹ̀yin ni Màámi tó ń yan ẹja! Ẹ ṣeun o. Láti bí oṣù mẹ́ta tí ìyàwó yín ti ń fún wa, àwọn ọmọ mi kì í jẹ ẹja ẹlòmíràn mọ́.”

Ẹja ń bẹ lẹ́nu mi. N kò lè gbé e mì, n kò lè tu ú. Ìyá ọkọ mi wo abọ́ náà, ó wò mí, ó wo ikùn mi pẹ́. Mo dúró de ohun tó máa sọ. Ó na ọwọ́ sí ìdì tó wà níwájú mi, ó mú ẹja méjì níbẹ̀, ó fi sínú abọ́ obìnrin náà, ó ní kí ó kí àwọn ọmọ. Nígbà tí ìyẹn jáde tán, ó ti àwo mi sún mọ́ mi, ó ní kí n jẹ tèmi.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ láé, kò sì sọ fún ọkọ mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìdì méjì ló gbé wá, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìdì méjì ló ń gbé wá ní gbogbo Sátidé títí mo fi bí ọmọ náà láàyè, òun fúnra rẹ̀ sì ń jẹ ti Ìjẹ̀dẹ́ nílé.